Atlantic Mẹ́rin ti Bugatti: Ìtàn Ọwọ́ Tí Wọ́n Ti Kọjá

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1955, ọkọ̀ ojú irin gbá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan níbi tí títì ti sọdá ojú irin ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó ń wà á kú, ẹni tó jókòó tì í náà kú. Irin wíwọ́ ló ṣẹ́ kù. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ dàwátì. Síbẹ̀, bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ọkọ̀ náà wà láyé, ó ń dán gbinrin, àwọn olówó ayé sì ń dúró wò ó pẹ̀lú ẹnu yíyà. Ohun tó so irin ọdún 1955 mọ́ ọkọ̀ tòní ni nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀: 57473.

Ẹni tó bá ti ra tòkunbọ̀ rí mọ̀ pé ọ̀dà tuntun lè tan ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ṣáásì ni wọ́n fi ń yẹ pépà ọkọ̀ wò. Nínú ìtàn Bugatti Type 57 SC Atlantic, nọ́ńbà yẹn ju ti pépà lọ. Òun ni orúkọ, òun ni ìdílé. Mẹ́rin péré ni wọ́n ṣe, láàárín ọdún 1936 sí 1938, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní kádàrá tirẹ̀.

Molsheim ni wọ́n ti wá, ìlú kékeré kan ní ẹkùn Alsace. Ettore Bugatti, ọmọ Ítálì, ló tẹ̀dó síbẹ̀ ní ọdún 1909, nígbà tí Alsace ṣì wà lábẹ́ Jámánì. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà padà di ti Faransé. Ọmọ rẹ̀, Jean, ló ya àwòrán Atlantic. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà.

Ní ọdún 1935, Jean gbé ọkọ̀ àfihàn kan lọ sí ìpàtẹ ọkọ̀ ní Paris, Aérolithe ni orúkọ rẹ̀. Elektron ni wọ́n fi ṣe bọ́dì rẹ̀, irin fífúyẹ́ tí magnesium pọ̀ nínú rẹ̀. Magnesium kò fẹ́ràn iná wẹ́dà, kíákíá ló ń gbaná. Nítorí náà, wọn kò lè jó páńẹ́ẹ̀lì ọ̀tún àti tòsì pọ̀. Ńṣe ni wọ́n tẹ etí méjèèjì sókè, tí wọ́n sì fi rífẹ́ẹ̀tì kàn wọ́n mọ́ra láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí ìgbà tí egungun ẹ̀yìn ẹja bá yọ síta. Nígbà tó wá kan Atlantic gan-an, aluminiomu ni wọ́n lò, èyí tó ṣeé jó pọ̀ dáadáa. Jean kò yọ rífẹ́ẹ̀tì náà. Ohun tí ìṣòro bí, ó sọ ọ́ di ẹwà. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ìpinnu yìí ni mo fẹ́ràn jù lọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Aéro Coupé ni wọ́n kọ́kọ́ ń pe ọkọ̀ náà. Ní ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 1936, Jean Mermoz, awakọ̀ òfuurufú tí gbogbo Faransé mọ̀ tó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ Jean Bugatti, gbéra láti Dakar láti fò kọjá òkun Atlantic, òun àti ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ kò sì padà wá mọ́. Ní ìrántí rẹ̀ ni ọkọ̀ Molsheim fi di Atlantic.

Àkọ́bí wọn, 57374, bọ́ sí ọwọ́ Victor Rothschild ní ìlú London ní ọdún 1936. Ọmọ ìdílé olówó ilé ìfowópamọ́ ni, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ẹranko ní Cambridge sì ni pẹ̀lú. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ náà ní sílíńdà mẹ́jọ tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, lítà mẹ́ta àti díẹ̀. Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọlé kún un, agbára rẹ̀ ń sún mọ́ ti ẹṣin 200, eré rẹ̀ sì ń kọjá 200 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ rò ó wò, títì ọdún 1936! Ẹ́ńjìnì náà bàjẹ́ lọ́wọ́ Rothschild, wọ́n sì pa ọkọ̀ tì sí pápá. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wọ́n gbé e sọdá sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1971, dókítà kan tó ń jẹ́ Peter Williamson rà á ní gbàǹjo ní 59,000 dọ́là. Ó dá a padà sí àwọ̀ búlúù oní-fàdákà, ó sì fi gba ipò kìíní níbi ìdíje ẹwà ọkọ̀ ní Pebble Beach ní ọdún 2003. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n tà á ní ọdún 2010; wọn kò kéde iye rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníròyìn sọ pé ó tó ọgbọ̀n mílíọ̀nù dọ́là, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti orí pápá dé ibẹ̀!

Ti 57591, àbíkẹ́yìn wọn, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Richard Pope, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló gbà á ní ọdún 1938. Ralph Lauren tó ń ṣe aṣọ rà á ní ọdún 1988, ó kùn ún ní dúdú, ó sì ṣe ipò kìíní ní Pebble Beach lẹ́yìn ọdún méjì.

Ọ̀rọ̀ 57473 ló nira. Jacques Holzschuh, ará Faransé, ló kọ́kọ́ ni ín. Lẹ́yìn ìjàm̀bá ojú irin, àlòkù irin rẹ̀ wà nílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó tún un kọ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà tún yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, páńẹ́ẹ̀lì kan tẹ̀lé òmíràn, láti mọ èyí tó ti Molsheim wá àti èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ikú àwọn méjì yẹn. Àwọn kan ṣì ń jiyàn pé ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti sọnù kì í ṣe ọkọ̀ àkọ́kọ́ mọ́. Èmi kò gbà fún wọn. Ẹni tó bá pàdánù apá nínú ìjàm̀bá ṣì ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin wá ńkọ́? 57453, dúdú bí kóró iṣin, ni Jean Bugatti fi pamọ́ fún ara rẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ awakọ̀ ìdíje nìkan ló ń wà á. Lára wọn ni William Grover-Williams, tó gba ìdíje Monaco àkọ́kọ́ ní ọdún 1929, àti Robert Benoist, tó borí ní Le Mans ní ọdún 1937. Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1939, Jean ń dán ọkọ̀ ìdíje kan wò lẹ́bàá Molsheim nígbà tí oníkẹ̀kẹ́ kan já sójú títì. Ó yà fún un, ó sì kọlu igi. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ogun bẹ́ sílẹ̀. Grover-Williams àti Benoist di amí fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Faransé tí Jámánì ti gbà. Ọwọ́ tẹ àwọn méjèèjì, àwọn Násì sì pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó mọ bí ìdarí ọkọ̀ dúdú náà ṣe rí lọ́wọ́ ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ilé iṣẹ́ Bugatti tòde òní ti sọ pé bí wọ́n bá rí ọkọ̀ dúdú tó ti sọnù náà lónìí, iye rẹ̀ yóò kọjá ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù yúrò. Ní ọdún 2019, wọ́n ṣe ọkọ̀ tuntun kan ní ìrántí rẹ̀, mílíọ̀nù 11 yúrò láìka owó orí. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n kò lè dí àlàfo náà.

Ìwé kan ló kù. Ní oṣù kejì ọdún 1941, wọ́n kọ àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi rélùwéè kó láti Molsheim lọ sí Bordeaux. Ọkọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí 57454. Kò sí Atlantic kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bugatti gbà pé 57453 ni, pé ọkọ̀ Jean ni. Láti ọjọ́ yẹn, ojú kò kàn án mọ́.