Ìròyìn, Oúnjẹ Òòjọ́ àti Ìbò: Ẹ̀kọ́ Ọdún 1993

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi etí àti làákàyè jíǹkí ẹ̀dá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a kò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú yín lọ́dún 1993. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ohun tí ìròyìn àti wàhálà oúnjẹ òòjọ́ lè fi olùdìbò ṣe.

Ọjọ́ Sátidé, 12 oṣù kẹfà, ni ìbò ààrẹ ọdún náà. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ni ẹgbẹ́ SDP, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin, fà kalẹ̀. Alhaji Bashir Tofa ni ti NRC, ẹgbẹ́ oníidì. Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì. Ní alẹ́ ọjọ́ 10, ilé-ẹjọ́ gíga kan ní Àbújá pàṣẹ pé kí ìbò má wáyé. Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́, àjọ elétò ìdìbò, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu jẹ́ alága rẹ̀, kéde pé ìbò yóò wáyé. Èwo ni kí aráàlú gbà gbọ́?

Ẹ wo bíríkìlà, awakọ̀ àti ìyá aláta. Wọn kò ní àyè àtika ìwé ìròyìn mẹ́ta lóòjọ́. Ohun tí rédíò bá sọ lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí oníbàárà bá gbé wá, ni wọ́n ń mú lò. Ẹni tí kò bá sì jáde lọ́jọ́ kan, owó ọjọ́ náà ti lọ. Ó rọrùn kí irú wọn wí pé, "Wọ́n ní kò sí ìbò mọ́." Síbẹ̀, ìbò tí ó lé ní mílíọ̀nù 14 ni aráàlú dì, ti Abíọ́lá ni ó sì pọ̀ jù.

Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fagi lé e. Ìwé tí wọ́n fi kéde rẹ̀ kò ní ìbuwọ́lùwé. Nígbà tí ó di oṣù keje, wọ́n ti ilé-iṣẹ́ Concord, tí í ṣe ti Abíọ́lá, àti ti Punch pa. Bí ìwé ìròyìn ti dákẹ́, àhesọ gba ìgboro pé ogun ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò kó ẹrù kúrò ní Èkó lọ sí ìlú wọn. Ogun abẹ́lé náà kò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òòjọ́ ti bàjẹ́.

Nínú Súrà Al-Hujurāt, Ọlọ́hun pa wá láṣẹ láti wádìí ìròyìn tí arúfin bá mú wá, kí a má baà kábàámọ̀. Lónìí, inú fóònù ni àhesọ ń gbé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wádìí kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ọjọ́ ìbò bá dé, ẹ má fi iṣẹ́ dí ọmọṣẹ́ yín lọ́wọ́.

Abíọ́lá kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù keje, 1998. Ní ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ wá sọ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà di Ọjọ́ Ìjọba Àwaarawa. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Kí Ọlọ́hun fi òye òtítọ́ kẹ́ wa. Àmín.