Òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ elédè púpọ̀ ní Transylvania

Transylvania jẹ́ agbègbè kan ní àárín àti àríwá-ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Románíà. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ tí wọ́n kàwé, tí wọ́n sì gbọ́ èdè púpọ̀, wà lára ohun tó ń fa àwọn olùdókòwò ilẹ̀ òkèèrè wá síbẹ̀, pàápàá sí ìlú Cluj-Napoca àti Sibiu. Románíà wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2007. Ẹnubodè tó ṣí fún owó láti wọlé nígbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ náà ń gbà jáde.

Èdè

Ṣáájú ọdún 1918, abẹ́ ìjọba Húngárì ni Transylvania wà. Láti ọ̀rúndún kejìlá sì ni àwọn ọmọ Jámánì tí à ń pè ní Saxon ti tẹ̀dó síbẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlú kan fi ní orúkọ mẹ́ta: Cluj ní èdè Románíà, Kolozsvár ní èdè Húngárì, Klausenburg ní èdè Jámánì. Lẹ́yìn ọdún 1989, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Saxon kó lọ sí Jámánì, ṣùgbọ́n èdè wọn kò bá wọn lọ tán. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ elédè Jámánì ṣì wà, ọmọ Románíà ló sì pọ̀ jù nínú wọn báyìí. Klaus Iohannis, ọmọ Saxon tó ti kọ́ni ní físíìsì ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà ní Sibiu, di olórí ìjọba ìlú náà ní ọdún 2000. Wọ́n dìbò yàn án sípò Ààrẹ Románíà ní ọdún 2014.

Ẹ̀kọ́

Yunifásítì Babeș-Bolyai ní Cluj-Napoca ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ju 40,000 lọ. Ọdún 1959 ni wọ́n so yunifásítì elédè Románíà kan àti ti elédè Húngárì kan pọ̀ láti dá a sílẹ̀. Èdè Románíà, Húngárì àti Jámánì ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, wọ́n sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni nínú àwọn ẹ̀kọ́ kan. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan tún wà ní ìlú náà.

Ìdókòwò

Ètò kọ̀ǹpútà, ìṣirò owó àti àgbékalẹ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ wà lára iṣẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ń gbé wá. Ilé iṣẹ́ Jámánì kan lè rí onímọ̀ ẹ̀rọ tí kò nílò ògbufọ̀ láti bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí owó oṣù rẹ̀ sì kéré sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì. Láti ọdún 2001, ìjọba kò gba owó orí lórí owó oṣù àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Àǹfààní yìí dópin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025.

Nokia ní Jucu

Ní oṣù Kínní ọdún 2008, Nokia kéde pé òun yóò ti ilé iṣẹ́ òun ní Bochum, ní Jámánì, níbi tí òṣìṣẹ́ bíi 2,300 wà. Apá kan iṣẹ́ náà lọ sí Jucu, lẹ́bàá Cluj-Napoca. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, Nokia kéde pé òun yóò ti Jucu náà, kí iṣẹ́ lè sún mọ́ àwọn tó ń pèsè ẹ̀yà fóònù ní Éṣíà. Òṣìṣẹ́ bíi 2,200 ló kàn. De'Longhi ra ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 2012. Ní ọdún 2013, Bosch bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ ọkọ̀ ní Jucu, ó sì kó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ jọ sí Cluj-Napoca láti máa ṣe àgbékalẹ̀. Iṣẹ́ títo fóònù pọ̀ rọrùn láti gbé lọ síbi tí owó ọ̀yà bá ti kéré. Ìmọ̀ tí yunifásítì ìlú kan ń tọ́ dàgbà kò rọrùn láti gbé bẹ́ẹ̀.

Ìṣílọ

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2014, ọmọ Románíà lè ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù láìsí ìdènà. Ètò ìkànìyàn ọdún 1992 ka ènìyàn bíi mílíọ̀nù 22.8 ní Románíà. Ti ọdún 2021 ka mílíọ̀nù 19. Èdè Jámánì tó ń mú ilé iṣẹ́ wá sí Sibiu lè mú nọ́ọ̀sì Sibiu lọ sí ìlú Munich. Ní Cluj-Napoca, owó ilé ti wọ́n ju ti àwọn ìlú Románíà yòókù lọ, èyí tó ń ni àwọn ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ wọn kò sí lára kọ̀ǹpútà lára.