Àgọ́ Lórí Yìnyín: Ọ̀rọ̀ Kan fún Akpakpa àti Èkó

Ní Akpakpa, apá ìlà-oòrùn Kútọnu, ẹja àti yìnyín kì í jìnnà síra. Ọkọ̀ apẹja tó bá fẹ́ pẹ́ lójú òkun ní láti gbé yìnyín dání, kí ohun tí wọ́n bá rí pa má baà bàjẹ́ kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ta ẹja pẹ̀lú mọ iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Akpakpa bá pe yìnyín yìí ní gláàsì bí àwọn Faransé, tí ọmọ Èkó pè é ní áìsì bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ààlà tí òyìnbó fà láàárín Benin àti Nàìjíríà ti wọ inú ọ̀rọ̀ ẹnu wa nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé a gbọ́dọ̀ máa fi ohun tó wà nínú Yorùbá ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ tuntun. Ọ̀rọ̀ tí a yá máa ń pín wa sí méjì. Ọ̀rọ̀ tí a fi ìṣe àti orúkọ tiwa hun, ará Kétu, ará Àjàṣẹ́ àti ará Ìbàdàn ni yóò jọ yé.

Iṣẹ́ kan tó kan àwọn èèyàn wa ní òkè òkun lónìí ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ: pípa ẹja lórí adágún tó ti dì. Àwọn ọmọ Benin ń gbé ní Québec, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà ní Manitoba àti Minnesota. Níbẹ̀, bí òtútù bá mú tán, apẹja á rìn lọ sórí adágún, á lu ihò, á sì ju ìwọ̀ sísàlẹ̀. Nínú gbogbo ohun èlò iṣẹ́ yìí, àgọ́ tí yóò gbà á lọ́wọ́ atẹ́gùn ló gba ìrònú jù. Báwo ni a ó ṣe fi Yorùbá yan àgọ́ náà?

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni Yorùbá sábà máa ń wò kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ: amóhùnmáwòrán, agbóhùnsílẹ̀, amúlétutù. Ọ̀nà yìí náà wúlò fún àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣe ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ni wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún. Ó yẹ kí apẹja náà jẹ nínú irú làálàá bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ẹsẹ̀. Yìnyín ni òjò olókùúta tí a mọ̀ nílé, ọ̀rọ̀ náà sì ti gbòòrò dé omi tó dì nínú fìríìjì. Òjò-dídì ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ tí wọ́n parí ní 1884, fi pe èyí tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run bí òwú. Kí a má da méjèèjì pọ̀, nítorí apẹja ń dúró lórí yìnyín, ó sì ń kó òjò-dídì jọ sí ìdí àgọ́ kí atẹ́gùn má baà gba abẹ́ wọlé. Kí ni kí a wá pe gbogbo yìnyín tó bo ojú adágún? Ẹnìkan lè sọ pé ilẹ̀ yìnyín. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí ilẹ̀ ń fi ẹni lọ́kàn balẹ̀, ibi yìí kì í sì í ṣe ilẹ̀. Omi wúwo jù nígbà tó bá tutù dé ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí á sì rì sísàlẹ̀. Èyí tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ á fúyẹ́, á dúró lókè, ibẹ̀ ni yóò sì ti dì. Omi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹja sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Èèpá yìnyín ni kí a pè é. Gbogbo ẹni tó gbọ́ èèpá mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó lè ṣí.

Ọ̀rọ̀ yìí lè gba ẹ̀mí là. Ìmọ̀ràn tí ìjọba ìpínlẹ̀ Minnesota ń fún aráàlú ni pé kí èèpá náà nípọn tó 10 sẹ̀ǹtímítà, ó kéré tán, kí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn tó gun orí rẹ̀. Yìnyín tó mọ́ gaara ni wọ́n ń sọ. Bí ó bá jẹ́ yìnyín funfun, tí òjò-dídì ti dà pọ̀ mọ́, ó ní láti nípọn tó ìlọ́po méjì.

Ní ti ibùgbé ìgbà díẹ̀, èdè wa ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ipò tirẹ̀. Àtíbàbà ní òpó àti ìbòrí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣí; oòrùn ló wà fún. Abẹ́ irú rẹ̀ ló yẹ apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe létí òkun Akpakpa. Lórí èèpá yìnyín, atẹ́gùn ni ọ̀tá, àtíbàbà kò sì lè dá a dúró. Ahéré jẹ́ ilé kékeré tí a kọ́ síbi iṣẹ́, tó sì máa ń dúró fún ìgbà pípẹ́. Ní Sainte-Anne-de-la-Pérade ní Québec, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹja kékeré inú odò ibẹ̀ láti 1938, àìmọye ilé onípákó ni wọ́n máa ń tò sórí odò tó dì, tí wọn yóò wà níbẹ̀ títí ìgbà ẹja á fi kọjá. Ahéré orí yìnyín ni ìwọ̀nyẹn. Ẹni tó mọ Ganvié, tí ilé rẹ̀ dúró lórí òpó nínú adágún Nokoué, kò ní ṣe hàá pé àdúgbò kan wà lórí omi; ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àdúgbò ti Pérade gbọ́dọ̀ tú ká kí yìnyín tó yọ́.

Èyí tí a ń pa láàárọ̀, tí a ń tú nírọ̀lẹ́, àgọ́ ni. A ti ń sọ pé kọ̀ǹpútà alágbèéká. Àgọ́ alágbèéká náà kò ní ṣòro. Oríṣi méjì tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ ló yẹ kí a fún ní orúkọ. Èkíní so mọ́ ọkọ̀ pẹlẹbẹ aláìlẹ́sẹ̀ tí a ń wọ́ lórí yìnyín, èyí tí a lè pè ní ìwọ́lẹ̀. Apẹja á jókòó sórí ìwọ́lẹ̀ náà, á sì da aṣọ àgọ́ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú kí ó bò ó. Dave Genz, apẹja ará Minnesota, ni òkìkí irú èyí so mọ́ láti nǹkan bí 1980. Àgọ́ adàbò ni mo pè é. Èkejì máa ń wà nínú àpò gígùn. Bí a bá tú u, a ó di àárín ògiri kọ̀ọ̀kan mú, a ó fà á síta, á dún pà, ògiri náà á sì le gbandi. Òrùlé ni a ń tì sókè. Àgọ́ afàdìde ni mo pè é, nítorí fífà ni a ń fà á kí ó tó dìde.

Àárín ògiri tí a ń fà yẹn, níbi tí àwọn ọ̀pá ti pàdé, ńkọ́? Ara èèyàn ni Yorùbá máa ń wò fún irú nǹkan báyìí: ẹnu ọ̀nà, etí odò, ọrùn ìgò. Mo yan ìdodo, nítorí àárín ló wà, ó sì yọ síta. Aṣọ tó fẹ̀ sílẹ̀ yí ìdí àgọ́ ká, ìṣẹ́tí ni, gẹ́gẹ́ bí ti aṣọ tí a ń wọ̀. Irin tí a ń lọ́ wọ inú yìnyín kí atẹ́gùn má gbé àgọ́ lọ, èèkàn ni. Kò sí ìdí láti wá òmíràn. Ohun èlò tí a fi ń lu ihò, a lè pè é ní òòlu yìnyín.

Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ẹni tó ń rajà lè ronú já. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń dá pẹja, tó sì fẹ́ máa ṣí kúrò níbi ihò kan lọ sí òmíràn, adàbò ló yẹ ẹ́. Bí ó bá fẹ́ mú ìyàwó àti ọmọ dání, afàdìde ló láàyè jù, ó sì fúyẹ́ láti gbé ju adàbò tó ní ìwọ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń pa á, kí ó kọ́kọ́ lọ́ èèkàn apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Kí ó tó rà á, kí ó bi ẹni tó ń tà á bóyá aláṣọ kan ni tàbí aláṣọ méjì. Aláṣọ méjì wúwo, owó rẹ̀ sì ga jù, àmọ́ ó ń pa ooru mọ́, omi kì í sì í pọ̀ lára ògiri rẹ̀ láti máa kán sílẹ̀. Kí ó yẹ ìdodo wò, kí ó yẹ ìṣẹ́tí wò bóyá ó fẹ̀ tó, kí ó sì ka ojú atẹ́gùn, ìyẹn ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Ojú atẹ́gùn yìí ṣe pàtàkì gidigidi. Bí a ti ní ẹ̀rọ amúlétutù, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ní ẹ̀rọ amúlémóoru, èyí tí apẹja ń fi gáàsì tàn nínú àgọ́. Gáàsì tó bá jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó máa ń mú kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì jáde. A kò gbọdọ̀ pe èyí ní èéfín, nítorí ojú ń rí èéfín, imú sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kò rí èyí, imú kò gbọ́ ọ. Òun náà ló ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Afẹ́fẹ́ májèlé ni kí a pè é, kí ọmọdé tó gbọ́ ọ lè bẹ̀rù rẹ̀, kí ojú atẹ́gùn sì máa wà ní ṣíṣí nígbà gbogbo tí iná bá ń jó.

N kò sọ pé kí a lé gbogbo àyálò jáde. Gáàsì ti di ọmọ ilé ní Kútọnu àti ní Èkó, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe àgọ́ kò sì nílò ìtumọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìjà nínú pé ɛ àti ɔ ni wọ́n ń kọ ní Benin níbi tí Nàìjíríà ti ń kọ ẹ àti ọ, nítorí ohùn kan náà ni ẹnu ń pè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò Yorùbá lórí rédíò ní ìhà méjèèjì ààlà, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní ilẹ̀ òtútù, ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ yìí sẹ́nu. Èyí tí kò bá dùn létí yín, ẹ fi èyí tó sàn jù rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yín tó tẹ ẹsẹ̀ sórí adágún, ẹ rí i dájú pé ó mọ ohun tí èèpá yìnyín jẹ́, ó sì mọ ohun tí afẹ́fẹ́ májèlé ń ṣe, ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń kìlọ̀ fún un.