Ìjẹ Ìgbà Òtútù: Wàràkàṣì, Odó, àti Ọkùnrin Kan Tí Ogun Ṣẹ́gun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú mọ́tò, ẹ fi earpiece sétí dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á lórí fóònù, ẹ rọra máa fà á lọ sísàlẹ̀. Odò la ń lọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀sà Èkó. Odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, lásìkò tí òtútù ń mú débi pé èémí ẹnu èèyàn ń rú bí èéfín.

Ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí omi bá ti tutù tí kòkòrò kò jáde mọ́, kí ni apẹja máa fi sẹ́nu ìwọ̀? Ilé ìdáná ni ìdáhùn wà. Wọ́n máa ń pò ó ni, bí ẹni ń po ìyẹ̀fun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ omi. Ara ẹja kò dà bíi tiwa; bí omi bá ṣe tutù sí ni ara tirẹ̀ náà ń tutù sí. Oúnjẹ kì í tètè dà nínú rẹ̀ mọ́, ebi kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pa á. Ọ̀pọ̀ ẹja á lọ dúró jẹ́ẹ́ síbi tí omi ò ti yára. Ṣùgbọ́n ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní chub, ẹlẹ́nu gbàgàdà, tí kì í pa oúnjẹ tì pátápátá nígbà òtútù. Kò kàn ní sáré lé e ni. Nítorí náà, apẹja nílò ìjẹ tí òórùn rẹ̀ máa bá omi lọ títí yóò fi kan ẹja náà níbi tó wà. Wàràkàṣì tó ti gbó, tó ń rùn gan-an, mọ iṣẹ́ yẹn ṣe.

Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa? Ìwé Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ lórí fífi ìwọ̀ pẹja jáde ní Westminster lọ́dún 1496, lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé tó ń jẹ́ Wynkyn de Worde. Ṣùgbọ́n àlejò wa lónìí ni Izaak Walton. Stafford ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1593, ó wá sí London, ó ń ta aṣọ. Lọ́dún 1653, ó gbé ìwé kan jáde tó ń jẹ́ The Compleat Angler, tí wọ́n ṣì ń tẹ̀ títí dòní.

Walton ní láti oṣù Ògún lọ, títí wọ inú àwọn oṣù tó tutù, kí ẹ mú wàràkàṣì tó le jù lójú òórùn, kí ẹ gún un nínú odó pẹ̀lú bọ́tà díẹ̀ àti saffron, títí yóò fi ní àwọ̀ ìyeyè bíi ti lẹ́mọ́ọ̀nù. Ó ní àwọn kan tilẹ̀ ń fi turpentine po wàràkàṣì fún ìgbà òtútù. Bẹ́ẹ̀ ni, turpentine.

Ti ẹja carp tún wá ju ìyẹn lọ. Ẹran ehoro, tàbí ti ológbò (mi ò ṣàwàdà o), kí ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ pò ó mọ́ ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná, kí ẹ fi ṣúgà tàbí oyin sí i. Walton fẹ́ràn oyin jù. Ẹ gún un títí yóò fi le tó láti di ìwọ̀ mú lábẹ́ omi. Bó bá ṣì ń já, ẹ fi irun àgùntàn díẹ̀ pò ó mọ́ ọn. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó pẹ́ tó ọdún kan, ẹ fi ìda oyin sí i. Ó tún kìlọ̀ pé kí ọwọ́ yín mọ́ dáadáa.

Ẹ lè máa bi mí pé kí ló kàn wá. Ẹ wo ọdún yẹn: 1653. Ogun abélé ti ya ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí méjì. Lọ́dún 1649, wọ́n bẹ́ orí ọba wọn, Charles Kìíní. Ẹ̀yìn ọba ni Walton wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì fìdí rẹmi. Àwọn àlùfáà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàdánù ipò wọn. Nínú ilé, ọmọ méje ni òun àti Rachel, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, bí. Gbogbo wọn ló kú ní kékeré. Rachel fúnra rẹ̀ kú lọ́dún 1640. Ọkùnrin tí gbogbo èyí dé bá ló jókòó tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń gún wàràkàṣì. Nígbà tí ìlú dàrú, ó di ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe mú. Èmi ò rí i bí eré mọ́.

Òun nìkan kọ́ ló ni ọgbọ́n náà o. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìwé kan ti wà ṣáájú tirẹ̀, The Arte of Angling, tó jáde lọ́dún 1577, tí ìjíròrò inú rẹ̀ jọ ti Walton gan-an. Ẹyọ kan ṣoṣo tí a mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù wà ní yunifásítì Princeton l'Amẹ́ríkà. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kò sí lára rẹ̀. Ẹyọ kan péré! Ká ní iná jó o ni, à bá máa rò pé orí Walton nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Lẹ́yìn náà, ìjẹ pípò di ti àwọn òṣìṣẹ́. Lọ́dún 1878, A. J. Mundella, aṣòfin tó ń ṣojú Sheffield, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ irin, ṣagbátẹrù òfin tó ní kí wọ́n fi ẹja odò sílẹ̀ láti àárín oṣù Ẹrẹ́nà sí àárín oṣù Okúdù kí wọ́n lè yé ẹyin. Irú òfin yẹn ṣì wà lórí odò wọn. Nítorí náà, ìgbà òtútù wà lára àkókò ìpẹja gan-an. Òṣìṣẹ́ tí kò lówó saffron á mú búrẹ́dì tó ti gbẹ, á rẹ ẹ́ sómi, á fi aṣọ fún un, á pò ó títí yóò fi rọ̀.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù: wàràkàṣì máa ń le bí òkúta nínú omi tútù, ìwọ̀ kò sì ní lè já jáde láti gún ẹja lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí àwọn tòde òní fi ń pò ó mọ́ búrẹ́dì tàbí ìyẹ̀fun tí wọ́n ti fi ọ̀rá pò, kó lè máa rọ̀. Wọn kì í sì í lò ó púpọ̀, torí ẹja tí oúnjẹ ò tètè dà nínú rẹ̀ máa ń tètè yó.

Walton kú ní Winchester lóṣù Ọ̀pẹ ọdún 1683, lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún. Ìgbà òtútù yẹn wà lára èyí tó le jù nínú ìtàn wọn: odò Thames dì gbagidi, wọ́n sì pa àgọ́ ọjà sórí rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹnì kan wà ní Ẹ̀pẹ́, ní Badagry, tàbí nínú ẹbí yín tó mọ ohun tí ẹja ibẹ̀ ń jẹ àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó lè má sí nínú ìwé kankan. Fóònù tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ wa yìí lè gba ohùn sílẹ̀. Ẹ pè wọ́n lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ sì tẹ bọ́tìnnì yẹn. Ẹ má sì gbàgbé láti béèrè orúkọ ẹni tó kọ́ wọn.