Ìtọ́jú Ọ̀dọ́ Igi Ọ̀ṣọ́ ní Ìgbà Òtútù

Láti Illinois títí dé Michigan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù a-sọ-omi-dòkúta ti í jọba láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, igi mépù ilẹ̀ Jàpáànù, arẹwà tí ewé rẹ̀ í pọ́n rokoṣo kí ó tó wọ́wé, jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ nínú ọ̀pọ̀ ọgbà. Ṣùgbọ́n ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì rinlẹ̀ tí èèpo rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ọwọ́ ẹni tí ó gbìn ín ni ẹ̀mí rẹ̀ wà.

Òtútù ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ oòrùn gan-an ni ọ̀dàlẹ̀ inú ọ̀ràn yìí. Bí ó bá ràn ní ọ̀sán ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, a máa mú èèpo tí ó kọjú sí gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn gbóná, ara igi tí ó ti sùn yóò ta jí, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, òtútù yóò ká a mọ́ ìhòòhò; nígbà tí igi bá tún ń rúwé ni a óò rí i pé èèpo ọ̀hún ti là, tí ó sì ti ń ṣí kúrò. Ìdí nìyí tí a fi ń wé aṣọ tàbí pépà funfun, èyí tí í ta ìtànṣán oòrùn padà, mọ́ ìtì igi láti ìsàlẹ̀ dé ẹ̀ka àkọ́kọ́, tí a sì ń tú u nígbà ìrúwé, kí ó má baà di ilé kòkòrò.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù: kí ilẹ̀ tó dì ni a ti ń bomi rin gbòǹgbò yó. Láti ìdajì ìgbà ooru ni a kì í ti í fún igi ní ajílẹ̀ mọ́, nítorí ọ̀mùnú tí kò bá gbó kò lè la òtútù já. Èérún igi tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 ni a ń tẹ́ sí ìdí rẹ̀, láìjẹ́ kí ó kan ìtì, kí ilẹ̀ tí ń dì tí ó tún ń yọ́ má baà ti gbòǹgbò sókè. Àwọ̀n onírin olójú wẹ́wẹ́ sì ni oògùn ehoro àti eku, àwọn ajẹ̀èpo tí í pa igi bí wọ́n bá jẹ ẹ́ yípo. Igi tí a gbìn sínú ìkòkò ni ó ṣòro tọ́jú jù, nítorí gbòǹgbò kò láyà tó ẹ̀ka. Gáréèjì tí a kò dáná sí ni ibùgbé rẹ̀.

Ní ti òjò dídì, ìlú Kanazawa ní Jàpáànù ni dídáàbò bo ẹ̀ka igi lọ́wọ́ rẹ̀ ti di iṣẹ́ ọnà: ní ọgbà Kenrokuen, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, a ń ta okùn láti orí òpó gíga sílẹ̀ láti gbé ẹ̀ka igi páìnì ró. Ẹni tí kò ní òpó, kí ó rọra fi ìgbálẹ̀ gbọn òjò dídì náà láti ìsàlẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti di yìnyín mọ́ ẹ̀ka, kí ó fi í sílẹ̀ kí ó yọ́ fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá fipá ṣí i yóò ṣẹ́ ẹ̀ka mọ́ ọn.