Ìfun Dídí: Ṣé Májèlé Ni àbí Omi Ló Tán?

Bí àgbẹ̀ kan ní agbègbè Ṣáṣá wa yìí bá ń bì, tí inú rẹ̀ wú bí ìlù, tí kò lè yàgbẹ́, tí kò lè só, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ará ilé ni pé wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ. Ìyàwó tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ ti wọ gàù nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ wa, àwọn oníṣègùn pàápàá wá májèlé yìí títí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Lárúbáwá mọ orúkọ Ibn Sina. Ó kọ ìwé lórí inú rírun tí wọ́n ń pè ní qūlanj. Àìsàn náà ló bá òun fúnra rẹ̀ fínra kí ó tó kú ní Hamadan ní 1037. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, al-Juzjani, sọ pé ó gba oògùn láti ìdí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo!

Ní nǹkan bí 1912, ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, Whipple, Stone àti Bernheim so ìfun ajá ní ojú méjì. Wọ́n mú omi tó gbá jọ sáàárín rẹ̀, wọ́n fà á sí ara ajá mìíràn tí ara rẹ̀ le. Ajá náà bì, ó ṣu gbuuru, ó kú. Wọ́n ní ọwọ́ ti ba májèlé. Ṣùgbọ́n ní 1912 yìí kan náà, ní New York, Hartwell àti Hoguet ń fa omi iyọ̀ púpọ̀ sí ara àwọn ajá tí wọ́n dí ìfun wọn lókè, àwọn ajá náà sì pẹ́ láyé ju bí a ti rò lọ. Bí ó bá jẹ́ májèlé nìkan ni, kí ni omi iyọ̀ fẹ́ ṣe fún un? Ní 1923, Haden àti Orr rí i pé iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ irú ajá bẹ́ẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Èébì ló ń kó o lọ.

Májèlé kò wá sí rárá ni? Ó wà. Bí ìfun bá lọ́ tàbí tí ó há, tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, yóò jẹrà, oró rẹ̀ yóò sì wọ ara. Ní 1965, G. J. Cole tẹ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 436 tí ìfun wọn dí ní Ìbàdàn níbí. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà náà, ìpá tó há ló ń fà á jù, ìpá tí àgbẹ̀ ń gbé kiri lóko fún ọdún púpọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Omi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá mu kì í dúró. Iṣan ni wọ́n ń gbà fún un ní ọsibítù, kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Àgbo ìyàgbẹ́ tí à ń rọ fún un nílé, ńṣe ló ń ti ìfun tó ti há, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí a tó rántí ọkọ̀ Òjòó.