Báwo ni a ṣe ń tú àdìtú inú crossword? Ohun tí ọ̀pá agbẹnusọ ọba ní Kumasi lè kọ́ wa

Ní Kumasi, olú ìlú àwọn Asante ní orílẹ̀-èdè Ghana, ọba kì í bá àwùjọ sọ̀rọ̀ tààrà. Agbẹnusọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní okyeame, ni ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tí ó sì ń gbé e fún àwùjọ. Ọ̀pá máa ń wà lọ́wọ́ okyeame, wọ́n á fi wúrà bò ó, ère kékeré kan á sì wà ní orí rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ère bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tí ó di ẹyin mú. Àlejò yóò wò ó, yóò sì rí ọwọ́ àti ẹyin lásán. Ẹni tí ó mọ àṣà Asante yóò ka ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀: agbára dà bí ẹyin, bí a bá fún un jù, yóò fọ́, bí a kò bá sì dì í mú dáadáa, yóò jábọ́.

Irú ọgbọ́n yìí, kí ojú rí ohun kan kí ọkàn sì ka òmíràn, ni ó wà nínú eré kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣí kọjá nínú ìwé ìròyìn èdè Gẹ̀ẹ́sì. Cryptic crossword ni wọ́n ń pè é. Àwa yóò máa pè é ní crossword aládìtú. Àwọn kan gbà pé iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ni, àwọn mìíràn sì rò pé ẹni tí kò bá dàgbà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè rí ojútùú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń pa àlọ́ rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Òfin rẹ̀ nìkan ni ó kù kí ó kọ́.

Kí ni crossword aládìtú?

Crossword ni eré tí a ti ń fi lẹ́tà kún àwọn àpótí kéékèèké. Àwọn ọ̀rọ̀ kan lọ ní ìbú, àwọn mìíràn lọ ní òòró, wọ́n sì ń gba inú ara wọn kọjá. Arthur Wynne, oníròyìn kan tí wọ́n bí ní ìlú Liverpool, ni ó gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913. Ìbéèrè inú crossword lásán kò ní ẹ̀tàn. Bí ó bá béèrè olú ìlú Ghana, Accra ni ìdáhùn.

Nígbà tí eré náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní kókó. Ní ọdún 1926, Edward Powys Mathers, tí ó ń fi orúkọ Torquemada kọ crossword, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tirẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn The Observer. The Times náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1930. Kò sì pẹ́ tí ọgbọ́n títú u fi wúlò fún ohun tí ó ju eré lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, The Daily Telegraph ṣe ìdíje fún àwọn tí ó lè parí crossword láàárín ìṣẹ́jú 12. Lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba Britain pe díẹ̀ nínú àwọn olùdíje náà sí iṣẹ́ ní Bletchley Park, níbi tí wọ́n ti ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ogun Jámánì fi ń ránṣẹ́ síra wọn.

Òfin tí ó gba iwájú

Gbólóhùn àdìtú kọ̀ọ̀kan máa ń sọ ìdáhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì. Apá kan jẹ́ ìtumọ̀ ìdáhùn náà gan-an, ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí gbólóhùn ni ó sì máa ń wà. Apá kejì ń sọ bí a ṣe lè to lẹ́tà ìdáhùn náà jọ. Nọ́ńbà tí ó wà nínú àmì àkámọ́ ní ìparí ń sọ iye lẹ́tà tí a ń wá.

Ẹ̀tàn ibẹ̀ ni pé wọ́n so apá méjèèjì pọ̀ débi tí gbogbo rẹ̀ yóò fi dún bí ìtàn kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba ìtàn náà gbọ́. Ẹ wá ibi tí apá kan parí sí tí èkejì sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tú mẹ́rin

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni eré yìí ti gbilẹ̀ jù, nítorí náà a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àpẹẹrẹ mẹ́rin yìí, ṣùgbọ́n Ghana ni gbogbo wọn dá lé.

Èkíní: *Hang a badly drawn African country (5).* Ìtàn ojú rẹ̀ ni pé kí a gbé àwòrán orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tí wọn kò yà dáadáa kọ́ sára ògiri. Ìtumọ̀ ni ọ̀rọ̀ méjì tí ó gbẹ̀yìn: orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà. "Badly drawn" ń sọ fún wa pé kí a da lẹ́tà rú. Kí wá ni a ó dà rú? "Hang a" ni. Lẹ́tà márùn-ún ni, bí a bá sì tún wọn tò, a ó rí GHANA. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ń sọ nípa ohun tí ó bàjẹ́, tí ó fọ́, tí ó mutí yó tàbí tí ó di tuntun sábà máa ń pàṣẹ kí a da lẹ́tà rú.

Èkejì: *Some Texas antelope for people of Kumasi (6).* Ẹ gbàgbé ẹranko ìgbẹ́ Amẹ́ríkà. "People of Kumasi" ni ìtumọ̀. "Some" túmọ̀ sí pé díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e ni a nílò. Ẹ ka "Texas antelope" láì dúró láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, ẹ ó sì rí ASANTE tí ó sá pamọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta: *Two companies and a crop of Ghana (5).* Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, "Co" ni wọ́n máa ń kọ láti gé ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún ilé-iṣẹ́ kúrú. Ilé-iṣẹ́ méjì fún wa ní CO àti CO. Ẹ fi A kún un, ó di COCOA, kòkó, irúgbìn tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Kumasi mọ̀ bí ẹni mọ owó. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kékeré bí "a" lè jẹ́ lẹ́tà gidi nínú ìdáhùn.

Ẹ̀kẹrin: *Office workers with the linguist's stick (5).* "Linguist" ni Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Ghana ń pe okyeame. Níhìn-ín, kò sí lẹ́tà tí a ó dà rú rárá. Ìtumọ̀ méjì ni wọ́n fi "with" so pọ̀: àwọn òṣìṣẹ́, àti ọ̀pá ọwọ́ okyeame. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni ó gbé méjèèjì: STAFF.

Àwọn àpótí náà tún máa ń ran ara wọn lọ́wọ́. Bí STAFF bá gba inú GHANA kọjá ní lẹ́tà kẹta, A ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún méjèèjì. Ẹni tí ó ti mọ ọ̀kan ti ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ láti fi wá èkejì.

Àwọn baba wa mọ irú rẹ̀

Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Ajíhìnrere C. A. Gollmer, tí ó gbé láàárín àwọn Yorùbá, kọ nípa rẹ̀ fún àwọn ònkàwé London ní ọdún 1885. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so pọ̀ tí wọ́n kọjú síra jẹ́ àmì ìrẹ́pọ̀. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Èyí tí ó sún mọ́ crossword aládìtú jù lọ ni àrokò tí ó ń fi orúkọ nọ́ńbà ṣeré. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí ọmọbìnrin kan á fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀fà ni wọ́n kà, "fà" sì wà nínú rẹ̀: ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọmọbìnrin náà bá gbà, ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi dá a lóhùn. Ẹ̀jọ ni, "jọ" sì wà nínú rẹ̀: èrò wa jọra. Ọ̀rọ̀ tí ó sá pamọ́ sínú ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ASANTE ṣe sá pamọ́ sínú àpẹẹrẹ wa kejì.

Ṣé a lè fi Yorùbá ṣe é?

Ó ṣeé ṣe. Ẹ wo èyí: *Ó ń gbé èrò, ó ń kọ ebè, ó ń fẹ́ ìyàwó (3).* Ọkọ̀ ni ó ń gbé èrò, ọkọ́ ni a fi ń kọ ebè, ọkọ ni ó sì ń fẹ́ ìyàwó. Nínú àpótí, ỌKỌ ni gbogbo wọn. Èkejì nìyí: *Ohun tí ọba ń dé pamọ́ sínú "wá délé" (3).* Ẹ yọ W iwájú kúrò, ẹ mú lẹ́tà mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, ADE yóò jáde.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá òǹkàwé rẹ̀ ṣe àdéhùn. Ṣé a ó yọ àmì ohùn kúrò? Bí a kò bá yọ ọ́, ỌKỌ kò lè gbé ìtumọ̀ mẹ́ta. Ṣé Ọ àti O jẹ́ lẹ́tà kan náà? Ṣé GB yóò gba àpótí kan tàbí méjì? Nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, lẹ́tà kan ni GB, nítorí náà agbádá yóò gba àpótí márùn-ún, kì í ṣe mẹ́fà. Èyí tí a bá yàn kò ṣòro, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ pé ẹni tí ó ń dì í àti ẹni tí ó ń tú u jọ mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí kò sí àdéhùn: àáké wúrà ọdún 1881

Ìtàn Kumasi fi hàn wá bí àdéhùn náà ti ṣe pàtàkì tó. Ní oṣù Kìíní ọdún 1881, ọmọ ọba Asante kan sá lọ sí agbègbè etíkun tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ońṣẹ́ láti Kumasi tẹ̀ lé e láti béèrè pé kí wọ́n dá a padà, wọ́n sì gbé àáké wúrà dání. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ka àáké náà sí ìkéde ogun. Ìbẹ̀rù gba etíkun kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ogun jọ. Asantehene Mensa Bonsu ní òun kò ní ogun lọ́kàn. Ìtumọ̀ tí àwọn Asante fún àáké náà ni pé ó ń la ọ̀nà: ó ń gé ohun ìdènà kúrò kí ọ̀rọ̀ lè yanjú. Níkẹyìn, wọ́n parí aáwọ̀ náà láì jagun, wọ́n sì fi àáké náà ránṣẹ́ sí Ọbabìnrin Victoria.

Láàfin Kumasi, ère orí ọ̀pá kì í da àwọn ará ilé láàmú, nítorí òwe tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ohun tí gbogbo wọn jọ mọ̀. Ní etíkun, àáké kan náà ní ìtumọ̀ méjì, kò sì sí apá kejì tí ẹni tí ó rí i lè fi yẹ èyí tí ó rò wò. Ohun tí crossword aládìtú ní nìyẹn tí àáké náà kò ní. Bí ìtumọ̀ bá bá ìdáhùn yín mu ṣùgbọ́n tí lẹ́tà kò bá a mu, ẹ kò tíì rí i. Bí méjèèjì bá pàdé, kò sí iyèméjì mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí gbólóhùn, kí ẹ bi ara yín èwo ni ìtumọ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí ó ń pàṣẹ kí a da lẹ́tà rú, tàbí kí a wo inú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ ka iye lẹ́tà. Bí ọ̀kan bá le, ẹ fi í sílẹ̀ ná, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gba inú rẹ̀ kọjá ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì rí ìdáhùn, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìdáhùn tí a kò lè ṣàlàyé kò tíì kúrò ní àbá.

Ọ̀kan rèé tí a fi sílẹ̀ fún yín: *To leave for Ghana's neighbour (4).* Ẹ ka ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ẹ wá ọ̀nà mìíràn tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ohun kan náà. Bí ó bá ṣì le, ẹ bi àwọn àgbà tí wọ́n gbé Kumasi rí ní orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ wọn gba inú rẹ̀ kọjá, nígbà tí òfin lílé àjèjì ti oṣù Kọkànlá ọdún 1969 mú kí ọ̀pọ̀ Yorùbá di ẹrù wọn padà sílé.